LÍLE KÌ Í ṢE YÍYI: ÌDÁÀBÒBÒ OJÚ Ẹ̀RỌ LỌ́WỌ́ ÌJÁBỌ́ ÀTI ÌKỌLÙ, PẸ̀LÚ ÀPẸẸRẸ LÁTI ONÍKÀN NÍ ÌLÚ ÈKÓ

ÀṢAMỌ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe lè mú kí ojú ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ fara da ìjábọ́ àti ìkọlù ní ibi tí ooru, eruku, ọ̀rinrin àti iyọ̀ òkun pọ̀ sí. Adúgbò Oníkàn ní Erékùṣù Èkó ni a ti mú àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ìyàtọ̀ tí èdè Yorùbá ti rí tipẹ́ láàárín ohun tó le àti ohun tó yi ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí, àti pé olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lè fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

ÌFÁÁRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí àwọn àgbà ń tọ́ka sí ni pé ẹni tó bá wo ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó. Ní òde òní, òwe náà ti rí ìtumọ̀ mìíràn. Ìwé, àwòrán, ìròyìn, àkọsílẹ̀ owó àti orúkọ olùdìbò ti wọ inú ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rí wọn. Bí ojú yìí bá fọ́, bátìrì lè má bàjẹ́, ohun tí a tọ́jú sínú ẹ̀rọ sì lè pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò níbi tí yóò gbà jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ní ìdìbò gbogbogbòò ọdún 2023, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní BVAS ni àjọ INEC fi ṣe àyẹ̀wò àwọn olùdìbò káàkiri Nàìjíríà. Ní Oníkàn pàápàá, Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá ti John Randle, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ń lo àwòrán tí ń rìn àti ohùn láti fi sọ ìtàn Yorùbá fún àlejò.

Inú yàrá tútù nìkan kọ́ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Inú àpò ìwé ọmọdé, orí tábìlì lábẹ́ igi, ẹ̀bá ọ̀nà àti ibùdókọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni ó ń mú kí ojú ẹ̀rọ kan jábọ́ tí kò fọ́, tí òmíràn sì jábọ́ tí ó fọ́ yángá?

LÍLE, YÍYI ÀTI ẸLẸGẸ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-èdè ní Oníkàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, yóò rí ìdáhùn sí ìbéèrè náà kí ó tó fojú kan ẹ̀rọ kankan. Lára ohun tí ilé náà ń tọ́jú ni ère amọ̀ sísun ti Nok àti ère idẹ. Amọ̀ sísun le. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì láìjẹrà. Síbẹ̀, nínú àwọn ère Nok tí wọ́n hú jáde, orí tí ó ti ṣẹ́ kúrò lára ni ó wọ́pọ̀. Idẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá kọ lù ú, ó lè tẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fọ́ túútúú.

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan náà pe àbùdá méjèèjì yìí. Ohun tó "le" ni ohun tí ìṣó tàbí yanrìn kò lè tètè họ lára. Ohun tó "yi" ni ohun tí a lè nà, tí a lè tẹ̀, tí a lè lù, tí kò ní tètè já tàbí kí ó fọ́. Àwo tánganran le, kò yi. Awọ yi, kò le. Irin tí alágbẹ̀dẹ bá rọ dáadáa le, ó sì yi. Ohun tó le ṣùgbọ́n tí kò yi ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹlẹgẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ káàkiri àgbáyé ń pa irú ààlà yìí láàárín líle àti yíyi. Aláwọ̀ àti alágbẹ̀dẹ nílẹ̀ Yorùbá sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Èdè náà tún ní ìpele fún ìbàjẹ́. Ohun tó "họ" ti ní àmì lójú lásán. Ohun tó "sán" ti ní ìlà tínínrín nínú, àmọ́ kò tíì pín. Bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ fún ìkòkò. Ohun tó "là" ti pín. Ohun tó "fọ́" ti di àpá-àpá. Ohun tó "rún" ti di ẹ̀kúnná. Olùkọ́ tó bá lo ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí bó ti yẹ kò nílò láti yá ọ̀rọ̀ kankan láti ṣàlàyé ohun tó ṣe ojú fóònù. Ìpele kejì ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù, nítorí ojú ẹ̀rọ tó ti sán ṣì lè máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìkọlù kékeré tó bá tẹ̀ lé e lè là á.

ÌṢIRÒ ÌJÁBỌ́ ÀTI IṢẸ́ ÒṢÙKÁ

Ohunkóhun tó bá wà lókè ní agbára nínú, agbára náà sì ni yóò ná nígbà tó bá kanlẹ̀. A ń rí iye rẹ̀ bí a bá fi ìwọ̀n ohun náà ní kílò ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú 9.8, tí a sì tún fi gíga rẹ̀ ní mítà ṣe ìsọdipúpọ̀ èsì. Joule ni orúkọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Fóònù tó wọn gíráàmù 200, tó jábọ́ láti mítà 1, ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó joule 2.

Joule 2 kò pọ̀. Ohun tó ń fọ́ gíláàsì ni bí àyè tí agbára náà ní láti fi tán ṣe kéré tó. Bí fóònù bá balẹ̀ lórí kọnkéré, tí ó sì dúró láàárín mìlímítà 1 péré, ipá tí yóò bá a yóò tó newton 2,000. Èyí dà bí ìgbà tí a gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 50, lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí rọ́bà tó wà lára rẹ̀ bá jẹ́ kí ó rìn tó mìlímítà 5 kí ó tó dúró, ipá náà yóò wálẹ̀ sí newton 400, èyí tí kò tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Agbára kan náà ni. Àyè tí ó ní láti fi tán ni ó yàtọ̀.

Alábàárù ní ọjà Balógun àti Ìdúmọ̀tà mọ ìṣirò yìí láìkọ ọ́ sílẹ̀. Òṣùká kì í dín ìwọ̀n ẹrù kù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tàn án káàkiri orí, ó sì ń gba ìjàǹpatì ẹsẹ̀ sínú ara rẹ̀. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ fóònù, tìmùtìmù inú àpótí ẹ̀rọ àti páùṣì tí àwọn ènìyàn ń fi fóònù sí, òṣùká ni gbogbo wọn. Ohun tó rọ̀ ni ó ń dáàbò bo ohun tó le. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú ẹ̀rọ pẹ́, kí ó má wá gíláàsì tó le nìkan. Kí ó wá òṣùká rẹ̀ pẹ̀lú.

BÍ A ṢE Ń MÚ OJÚ GÍLÁÀSÌ FARA DA ÌKỌLÙ

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni fífi kún nínípọn rẹ̀. Bí a bá sọ gíláàsì di ìlọ́po méjì ní nínípọn, yóò ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú yóò di ìlọ́po méjì, ẹ̀rọ tó bá sì wúwo ni agbára ìjábọ́ rẹ̀ ń pọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi dára fún ojú ẹ̀rọ tí a kàn mọ́ ògiri, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára fún èyí tí a ń gbé lọ́wọ́.

Èkejì ni fífún ojú gíláàsì pọ̀ mọ́ra. Wọ́n máa ń rì gíláàsì bọ inú iyọ̀ potassium tó ti yọ́, ní ìgbóná bíi 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn ẹ̀yà sodium kéékèèké tó wà lójú gíláàsì a jáde, àwọn ẹ̀yà potassium tó tóbi jù wọ́n lọ a sì jókòó sí àyè wọn. Ó dà bí ìgbà tí àwọn èrò tó tínínrín sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó, tí iye èrò kan náà tó sanra sì wọlé sórí ìjókòó kan náà. Gbogbo wọn á fún pọ̀. Bí ojú gíláàsì bá fún pọ̀ báyìí, sísán kò rọrùn fún un, nítorí ìkọlù ní láti kọ́kọ́ tú ìfúnpọ̀ náà kí ó tó lè ya ojú rẹ̀. Irú gíláàsì báyìí ni Gorilla Glass tí ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ń ṣe, tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ọdún 2007 nígbà tí Apple lò ó lójú iPhone àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta ni líla ohun tó yi mọ́ àárín gíláàsì méjì. Ní ọdún 1903, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Édouard Bénédictus, ṣàkíyèsí pé ìgò kan tó jábọ́ sán ṣùgbọ́n kò tú ká, nítorí ohun kan tí ó ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni gíláàsì alápapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ TBS lè rí ẹ̀rí rẹ̀: gíláàsì iwájú ọkọ̀ tí òkúta bá bà máa ń sán bí okùn aláǹtakùn láìtú ká, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbẹ́ máa ń rún wómúwómú. Ti iwájú ní ohun tó yi láàárín. Ti ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń jẹ́ gíláàsì lásán tí a fi ìgbóná fún pọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni fífi ike tó yi dípò gíláàsì. Polycarbonate ni ó gbajúmọ̀ jù. Ó lè gba òkò kí ó má fọ́, ṣùgbọ́n yanrìn lásán yóò họ ọ́, oòrùn yóò sì sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú bí wọn kò bá fi ohun ààbò kùn ún. Èyí tún padà sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: ohun tó yi kò dandan kí ó le. Àwọn tó ń ṣe ojú ẹ̀rọ fún ibi líle sábà máa ń fi ohun tó le sójú, wọ́n á sì fi ohun tó yi tì í lẹ́yìn.

IGUN, ETÍ ÀTI ÀLÀFO

Àkèrègbè ni yóò júwe ibi tí a ó fi okùn sí i lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìrísí ẹ̀rọ ń júwe ibi tí ààbò gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀rọ tó bá fi igun balẹ̀ kó gbogbo ipá rẹ̀ lé ojú kékeré kan, etí gíláàsì sì ni ibi tí sísán ti rọrùn jù lọ. Nítorí náà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni rọ́bà gbọ́dọ̀ nípọn sí jù. Ó tún yẹ kí etí àpótí ẹ̀rọ ga ju ojú rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé etí ni yóò kanlẹ̀ bí ẹ̀rọ bá dojú bolẹ̀.

Inú ẹ̀rọ pàápàá ní tirẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, àlàfo afẹ́fẹ́ wà láàárín gíláàsì òde àti ojú tí ń gbé àwòrán jáde. Bí nǹkan bá kọ lu gíláàsì òde, òun nìkan ni yóò tẹ̀, kò ní ohun tó tì í lẹ́yìn. Ọ̀rinrin sì lè di ìrì sínú àlàfo náà. Bí a bá fi àtè tó mọ́ gaara dí àlàfo yìí, ojú méjèèjì yóò di ọ̀kan, wọn yóò jọ máa gba ìkọlù, ìrì kò sì ní ríbi jókòó sí. Àwòrán pẹ̀lú yóò túbọ̀ hàn nínú oòrùn.

ONÍKÀN: IYỌ̀, OORU ÀTI ỌWỌ́ ÈRÒ

Oníkàn kò jìnnà sí ọ̀sà, òkun ńlá sì wà lẹ́yìn Victoria Island. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin àti iyọ̀ nínú. Nígbà ọyẹ́, eruku a gba ojú ọ̀run. Láti ibùdókọ̀ TBS dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Marina, tí ọkọ̀ Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọ̀pọ̀ èrò ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ìgúnpá, àpótí ẹrù àti ọwọ́ ọmọdé kì í ṣàìba ojú ẹ̀rọ.

Ohun tí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ sábà máa ń gbàgbé ni pé ìkọlù àti ojú ọjọ́ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìkọlù kan lè má fọ́ ojú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó lè ṣí etí rọ́bà tó dí i. Láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ oníyọ̀ yóò gbà wọlé, wáyà àti ojú bátìrì yóò sì dípẹtà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀rọ yóò kú, ẹni tó ni ín yóò sì sọ pé kò sí ohun tó ṣe é. Ní ìdà kejì, oòrùn lè ti gbẹ ike àti rọ́bà títí wọn kò fi yi mọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìkọlù tí wọ́n lè gbà lọ́dún àkọ́kọ́ yóò fọ́ wọn lọ́dún kẹta. Nítorí náà, a kò lè fi bí ẹ̀rọ ti rí lọ́jọ́ tí a rà á nìkan ṣe òdiwọ̀n.

NỌ́ŃBÀ TÍ Ó YẸ KÍ OLÙRAJÀ BÉÈRÈ

Ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà pé "kò lè fọ́" kò tó. Ìlànà àgbáyé IEC 62262 fi àmì IK sọ iye ìkọlù tí àpótí ẹ̀rọ lè gbà. IK07 dúró fún joule 2. IK08 fún joule 5. IK10 fún joule 20, èyí tó bá ìwọ̀n kílò 5 tó jábọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 40 mu. Ìlànà IEC 60529 ni ó ni àmì IP. Nínú IP65, 6 sọ pé eruku kò lè wọlé, 5 sì sọ pé omi tí a tú sí i láti ẹnu páìpù kò lè ṣe é ní nǹkan. Ojú ẹ̀rọ tí a fẹ́ kàn sí gbangba ní Oníkàn nílò àmì méjèèjì. Ọ̀kan láìsí èkejì kò pé.

Fún ẹ̀rọ tí a ń gbé lọ́wọ́, ìlànà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ MIL-STD-810 ni àwọn olùtajà máa ń dárúkọ. Nínú ìdánwò ìjábọ́ tó gbajúmọ̀ níbẹ̀, wọ́n máa ń ju ẹ̀rọ sílẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 122 ní ìgbà 26. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú páálí ìṣáná lọ́wọ́ yóò rí ibi tí 26 ti wá: ojú 6, etí 12 àti igun 8. Ṣùgbọ́n ìlànà náà gba àwọn tó ń ṣe ìdánwò láàyè láti pín ìgbà 26 náà láàárín ẹ̀rọ tó tó márùn-ún. Ẹ̀rọ kan lè má jábọ́ ju ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ béèrè pé ẹ̀rọ mélòó ni wọ́n fi ṣe é, àti pé orí kí ni wọ́n jù ú sí, nítorí pákó tí a tẹ́ lórí kọnkéré kì í ṣe kọnkéré lásán.

ÌLÀNÀ ÌKỌ́NI NÍ KÍLÁÀSÌ

Láti ọdún 1970, iṣẹ́ àyẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Iṣẹ́ tó kù fún olùkọ́ Yorùbá wá wúwo sí i, nítorí àkókò Yorùbá nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ti gbọ́ pé èdè wọn lè ṣàlàyé ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ó sàn kí a yá gbogbo ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa dàrú. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí fún orúkọ òṣùwọ̀n àti orúkọ ohun èlò: joule, newton àti polycarbonate kò nílò ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n fún ìṣe àti àbùdá, yíyá ọ̀rọ̀ máa ń fi òye pa mọ́ ni. Ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹran tó yi àti egungun tó le ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Olùkọ́ lè tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Kí ó kọ́kọ́ gbé èésan ìkòkò, awọ, ike àti ìṣó síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n pín wọn sí ohun tó le, ohun tó yi àti èyí tó jẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ju ẹyin méjì sílẹ̀ láti gíga kan náà, ọ̀kan sórí sìmẹ́ǹtì, èkejì sórí òṣùká aṣọ tó nípọn, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n ṣe ìṣirò fóònù gíráàmù 200 fún rọ́bà mìlímítà 1, 2 àti 5. Ní ìparí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ ìmọ̀ràn kúkúrú sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ 20: irú igun tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní, àmì IK àti IP tí yóò béèrè, àti irú àpótí tí yóò máa kó wọn sí.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ojú ẹ̀rọ kì í pẹ́ nítorí pé ó le nìkan. Ó ń pẹ́ nígbà tí ohun tó le bá ní ohun tó yi lẹ́yìn, tí ohun tó rọ̀ bá wà ní igun rẹ̀, tí iyọ̀ àti eruku kò sì rí ọ̀nà wọlé lẹ́yìn ìkọlù. Ilé ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà ju agbára òun lọ: rọ́bà igun, páùṣì tó nípọn, àpótí onítìmùtìmù àti yíyẹ ojú ẹ̀rọ wò lóṣooṣù bóyá ó ti sán kò wọ́n tó ẹ̀rọ tuntun. Lójú olùkọ́ èdè, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó gbé ìwé Yorùbá lé ojú dà bí ọpọ́n tí a gbé ìmọ̀ lé. Ẹni tó bá ṣọ́ igun ọpọ́n náà ni ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ní dànù mọ́ lọ́wọ́.